Ẹlẹ́rìí Kọ́ Ni Adájọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti di òfin láàárín àwọn tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ fọ́tò àti iṣẹ́ ìròyìn. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà jẹ́rìí òótọ́ gbọ́dọ̀ takété sí ohun tó ń yà. Bí àwọn ènìyàn bá ń fẹ̀hónú hàn, kò gbọdọ̀ bá wọn jẹun, kò gbọdọ̀ sùn sí àgọ́ wọn, kò sì gbọdọ̀ gbàdúrà pé kí wọ́n borí. Bó bá ti ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀, wọ́n á ní fọ́tò rẹ̀ ti kúrò ní ẹ̀rí, pé ó ti di ìpolongo. Nílẹ̀ tiwa, òwe kan wà tí wọ́n máa ń fi kín ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tó bá sì ti pa òwe yẹn, ó máa ń ṣe bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ẹjọ́ kò tíì parí. Mo lòdì sí èrò náà láti ìpìlẹ̀ rẹ̀, ibi tí mo sì ti fẹ́ bá a jà ni Greenham Common, nítòsí ìlú Newbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn obìnrin fi ọdún 19 dúró sẹ́nu ọ̀nà bárékè ọmọ ogun níbẹ̀ nítorí ohun ìjà átọ́míìkì, àwọn obìnrin mìíràn sì gbé kámẹ́rà tọ̀ wọ́n lọ. Bí òfin ìtakété bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ibẹ̀ ló ti yẹ ká rí i.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1979, àjọ NATO pinnu láti kó mísáìlì tuntun 572 wá sí ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù láti fi kojú ti Sófíẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ya 96 nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún Greenham, mísáìlì Cruise ti Amẹ́ríkà, èyí tí ọkọ̀ ńlá lè gbé káàkiri ojú títì. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1981, obìnrin 36 gbéra láti Cardiff ní ilẹ̀ Wales, pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́ àti ọkùnrin díẹ̀ tó sìn wọ́n. Ó lé ní 100 máìlì tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n dé Greenham ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, àwọn kan nínú wọn sì fi ṣéènì de ara wọn mọ́ wáyà ọgbà. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju pé kí ìjọba wá bá wọn jíròrò lórí tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Ìjọba kọ̀. Wọ́n bá jókòó síbẹ̀.

Ṣéènì yẹn ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ dúró lé. Kí ló dé tí ìyá ọlọ́mọ máa fi ṣéènì de ara rẹ̀ mọ́ wáyà? Nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi ń bọ̀ lọ́nà, àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá kò fi bẹ́ẹ̀ kà wọ́n sí. Wọ́n rìn, ẹsẹ̀ wọn bó, wọ́n sọ̀rọ̀ ní ìlú dé ìlú, ìwé ìròyìn sì ń tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. Àwọn tí wọ́n ní kí ayafọ́tò takété ti takété nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ̀rí wo ni ìtakété yẹn mú wá? Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan la ní, a kò ní mọ̀ pé ìrìn náà wáyé.

Ó di ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1982 kí gbogbo kámẹ́rà tó dé. Lọ́jọ́ náà obìnrin 30,000 wá sí Greenham, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ọgbà ká, ọgbà tó gùn tó máìlì 9. Wọ́n so nǹkan mọ́ wáyà: aṣọ ọmọ tuntun, òwú aláràbarà, ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ, àti fọ́tò. Fọ́tò ọmọ wọn, fọ́tò ìyá wọn, fọ́tò ìdílé. Kí ayafọ́tò kankan tó tẹ bọ́tìnì lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò ti kún ara ọgbà náà. Mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ìtakété dá mi lóhùn lórí èyí. Ìyá tó mú fọ́tò ọmọ rẹ̀ kúrò lára ògiri ilé, tó lọ fi kọ́ wáyà àwọn ọmọ ogun, ṣé ó takété ni? Kò takété rárá, ìbẹ̀rù ló gbé e wá, ìfẹ́ ló gbé e wá. Ṣé fọ́tò ọmọ náà wá di irọ́ nítorí náà? Ojú ọmọ náà yí padà bí? Ìfẹ́ tí ẹni kan fi gbé fọ́tò dání kò lè fi imú sí ibi tí etí wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1983, ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí obìnrin 44 gbé àkàsọ̀ ti ọgbà. Wọ́n da kápẹ́ẹ̀tì bo wáyà ẹlẹ́gùn-ún, wọ́n gun un kọjá, wọ́n sì lọ sórí òkìtì ilé kọnkéré tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ láti fi pa àwọn mísáìlì mọ́ sí. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ṣe òbìrí, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin, fún nǹkan bíi wákàtí kan kí wọ́n tó kó wọn. Raissa Page ló ya fọ́tò tí ayé mọ̀ jù nípa òwúrọ̀ yẹn. Kánádà ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ ló sì ń ṣe kó tó di ayafọ́tò. Dúdú àti funfun ni fọ́tò náà, òkìtì ńlá kan, ojú ọ̀run ṣíṣú, àti òbìrí àwọn ènìyàn tó rí kéékèèké lórí ilé tí wọ́n ń kọ́ fún ohun tó lè pa ìlú rẹ́.

Ọdún yẹn kan náà ni Maggie Murray àti Val Wilmer dá Format sílẹ̀, ilé iṣẹ́ fọ́tò tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, Page sì wà lára àwọn tó bá wọn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Format wà títí di ọdún 2003. Àwọn obìnrin yìí kò fi ibi tí ọkàn wọn wà pamọ́. Wọ́n ya ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, wọ́n ya àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ya Greenham, wọ́n sì sọ gbangba pé àwọn ń ṣe é nítorí pé ìwé ìròyìn kì í fi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ hàn bó ṣe yẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ ìtakété fi ń sọ títí di òní pé iṣẹ́ àwọn obìnrin yìí wúlò bí ìrántí, ṣùgbọ́n pé kò ṣe é gbára lé bí ẹ̀rí.

Kí ni irọ́ tó wà nínú fọ́tò òwúrọ̀ ọdún tuntun yẹn? Ṣé wọn kò gun òkìtì náà ni? Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kó wọn lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n gùn ún. Ṣé wọn kò jó ni? Kò sẹ́ni tó jiyàn rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ ní kí wọ́n búra pé wọn kò ní dá wàhálà sílẹ̀ mọ́, 36 nínú wọn kọ̀, wọ́n sì fi ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 14 jura. Ohun tí Page fẹ́ràn àti ohun tí ilé ẹjọ́ kọ sílẹ̀ bá ara wọn mu délẹ̀délẹ̀. Ìfẹ́ tó ní sí wọn ni kò jẹ́ kó wà lórí ibùsùn ní kùtùkùtù ọjọ́ ọdún tuntun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń sùn. Òun ló gbé e dé ibi tí ẹ̀rí wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe yẹn. Adájọ́ ni wọ́n pa á fún. Adájọ́ jókòó, ìhà méjèèjì wá bá a, ó gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì, ó sì dá a. Bó bá gbọ́ ti ẹnìkan péré, ó ti ṣìkà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́rìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí ni pé kí ó ti wà níbẹ̀. Bí ìyàálé ilé bá rí olè tó wọ ilé rẹ̀ lóru, kò sí ilé ẹjọ́ tó máa ní kó má jẹ́rìí nítorí pé ó fẹ́ràn ilé rẹ̀. Wọ́n á bi í ní ibi tó dúró, wọ́n á bi í ní irú ìmọ́lẹ̀ tó wà, wọ́n á bi í ní wákàtí, wọ́n á sì fi ohun tó sọ wé ti àwọn mìíràn. Bó ṣe yẹ ká ṣe fún ayafọ́tò nìyẹn. Òwe tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ni ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwọn tí wọ́n ń fi òwe adájọ́ mú ẹlẹ́rìí, wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n aláṣọ wọn ìyẹ̀fun.

Ohun tó tún burú nínú òfin ìtakété ni pé ó gbà pé ibì kan wà láàárín, ibi tí ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni lè dúró sí. Ní Greenham, wáyà ló wà láàárín. Ìhà kan ni sójà àti ọlọ́pàá, ìhà kejì ni àwọn obìnrin nínú ẹrẹ̀. Ayafọ́tò tó dé lọ́jọ́ ìwọ́de ńlá, tó dúró sẹ́yìn àwọn ọlọ́pàá, tó ya ojú obìnrin tó ń pariwo bí wọ́n ṣe ń wọ́ ọ nílẹ̀, tó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú, ìhà kan lòun náà dúró sí. Ẹ̀yìn ọlọ́pàá ló dúró. Fọ́tò rẹ̀ fi ẹnu tó là hàn, kò fi ọwọ́ tó ń wọ́ ni hàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn aláriwo ayé ìgbà náà ń pe àwọn obìnrin yìí ní ẹlẹ́gbin àti ẹni tó pa ọmọ tì, wọ́n sì ń rí fọ́tò tó bá ọ̀rọ̀ wọn mu. Kò sí ẹni tó pe ìyẹn ní ìpolongo.

Ìjọba náà wá ńkọ́? Ní ọdún 1983, nígbà tí Michael Heseltine di mínísítà ètò ààbò, ó dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ nínú iléeṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DS19, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àwọn tó ń tako ohun ìjà átọ́míìkì jà lójú ará ìlú. Owó ìjọba ni wọ́n ná sí i. Nígbà tí ìhà kan bá ní odindi ẹ̀ka iléeṣẹ́ fún ìpolongo, tí a sì wá ń bẹ obìnrin tó ní kámẹ́rà kan ṣoṣo pé kó má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ta ni a ń ràn lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ pẹ́ sí jù ni ti àwọn ọjọ́ tí nǹkan ńlá kankan kò ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn ni Greenham gan-an. Àwọn obìnrin náà máa ń tẹ ẹ̀ka igi, wọ́n á fi ọ̀rá bò ó, wọ́n á sì sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ní àgọ́ tirẹ̀, àwọ̀ ni wọ́n sì fi sọ wọ́n lórúkọ: Yellow Gate ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Green, Blue, Orange, Violet àti àwọn yòókù. Òjò, ẹrẹ̀, òtútù tó ń wọ eegun. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n rán láti lé wọn kúrò máa ń dé pẹ̀lú ọkọ̀ akólẹ̀, nígbà mìíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́. Wọ́n á fa ọ̀rá ya, wọ́n á da omi pa iná ìdáná, wọ́n á ju ibùsùn àti oúnjẹ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń rún pàǹtírí. Bí ọkọ̀ náà bá ti lọ, àwọn obìnrin á tún gé ẹ̀ka, wọ́n á tún na ọ̀rá. Àwọn kan ń kó ẹrù wọn sínú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ọmọ ọwọ́, kí wọ́n lè tètè tì í kúrò bí wọ́n bá gbúròó ọkọ̀.

Ta ló ya ìwọ̀nyí? Àwọn tó dúró ni. Beeban Kidron àti Amanda Richardson, tí wọ́n ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ fíìmù, gbé láàárín wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó mú fíìmù Carry Greenham Home jáde ní ọdún 1983. Janine Wiedel yà wọ́n ní ọdún 1983 àti 1984. Wendy Carrig jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tó lọ ní ọdún 1985, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ti rí ohun mìíràn ṣe. Nínú iṣẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni a ti rí obìnrin tó ń fọ abọ́, obìnrin tó ń ka lẹ́tà, obìnrin tó jókòó ti iná pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí. Kò sí olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tó máa rán ènìyàn lọ ya abọ́ fífọ̀. Abọ́ yẹn sì ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: báwo ni wọ́n ṣe fi ọdún 19 dúró? Fọ́tò òbìrí orí òkìtì kò lè sọ ọ́. Ẹni tó wá ní wákàtí méjì tó sì lọ kò lè sọ ọ́.

N kò sọ pé obìnrin nìkan ló lè ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1982 ni àgọ́ náà ti di ti obìnrin nìkan. Edward Barber ya àwọn tó ń tako ohun ìjà átọ́míìkì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Greenham wà lára rẹ̀. Ní ọdún 2016, Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ àwọn fọ́tò rẹ̀. Ilé ìkóhun-ìtàn ogun fúnra rẹ̀ gbé wọn kọ́ ara ògiri gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ogun tí kò jà.

Ẹ̀rí kan tún wà tí àwọn olùkọ́ ìtakété kì í fẹ́ kí a mẹ́nu bà. Ìjọba ti fi yé ará ìlú pé bí ọkọ̀ tó ń gbé mísáìlì bá jáde láti Greenham, yóò pòórá sínú ìgbèríko, ọ̀tá kò ní mọ ibi tó wà. Láti ọdún 1984, àwọn obìnrin àgọ́ àti ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Cruisewatch bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn ọkọ̀ náà lóru títí dé pápá Salisbury Plain. Wọ́n ń kọ wákàtí, wọ́n ń kọ ojú ọ̀nà, wọ́n ń yà wọ́n ní fọ́tò. Ohun tí ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò ní rí, àwọn ìyá tó ní tọ́ọ̀ṣì rí i. Àwọn tí wọ́n pè ní aláríyànjiyàn ló mú òótọ́ wá lórí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tí kò dá sí i kò mú nǹkan kan wá.

Ká wá sọ̀rọ̀ òfin. Ní ọdún 1985, ìjọba ṣe òfin kan tó sọ wíwọ inú ọgbà Greenham láìgba àṣẹ di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n fi òfin náà dá ọ̀pọ̀ obìnrin lẹ́bi, ìwé ìròyìn sì ń tẹ fọ́tò wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tó ń pè wọ́n ní arúfin. Jean Hutchinson àti Georgina Smith gbé ẹjọ́ tiwọn dé House of Lords, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1990, àwọn adájọ́ náà ní òfin yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilẹ̀ àjọni ni Greenham, àwọn ará àdúgbò kan ní ẹ̀tọ́ àtayébáyé lórí rẹ̀ láti da ẹran jẹko, òfin ọdún 1892 tí ìjọba gùn lé kò sì fún un láṣẹ láti fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn. Ó ṣẹlẹ̀ pé ọdún márùn-ún ni ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò tí wọ́n kà sí aláìṣègbè fi gbè sẹ́yìn òfin tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin tó ya obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà, tó kọ ọ́ pé ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ àjọni nìyí, òun ló kọ ohun tó bá òfin mu.

Ìfẹ́ ní ohun tó máa ń bò mọ́lẹ̀, n kò ní fi èyí pamọ́. Ní ọdún 1987, ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn obìnrin náà, Yellow Gate sì yapa sí àwọn ẹnubodè yòókù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wà nínú ìjà náà: Wilmette Brown, obìnrin adúláwọ̀ láti Amẹ́ríkà, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹgbẹ́ àlàáfíà náà kò ka àwọn obìnrin dúdú sí tó, pé owó tí wọ́n ń ná sórí bọ́ǹbù ni ebi àti àìnílé àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí ẹ bá wo àwọn fọ́tò Greenham tó gbajúmọ̀, ìṣọ̀kan lẹ máa rí, ojú funfun ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn ilé kì í fẹ́ ya ìjà ilé. Èyí jẹ́ àbùkù, ó sì dùn mí. Ṣùgbọ́n ṣé ìtakété ló máa wò ó sàn? Ẹni tó dúró sẹ́yìn ọlọ́pàá kò gbọ́ ìjà náà, kò sì mọ Wilmette Brown. Ohun tó máa wò ó ni pé kí àwọn obìnrin dúdú pẹ̀lú kámẹ́rà tiwọn pọ̀ sí i nínú àgọ́, kí ẹlẹ́rìí pọ̀ tó fi jẹ́ pé ohun tí ọ̀kan gbójú fò, òmíràn á mú un.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbààgbà òyìnbó kan nìyí tí kò kàn wá, kó wo ibi tí ọ̀nà náà gbà. Rebecca Johnson, tó gbé Greenham fún ọdún márùn-ún, wà lára àwọn tó darí ICAN ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó tì í títí tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ní àdéhùn tó ka ohun ìjà átọ́míìkì léèwọ̀ ní ọdún 2017. Nàìjíríà fọwọ́ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i sílẹ̀, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ọjọ́ tí ayé ń rántí Hiroshima. Mísáìlì tó kẹ́yìn kúrò ní Greenham ní oṣù Kẹta ọdún 1991, lẹ́yìn àdéhùn tí Reagan ti Amẹ́ríkà àti Gorbachev ti Sófíẹ́ẹ̀tì fọwọ́ sí ní ọdún 1987. Fọ́tò kọ́ ló kó wọn lọ. Ohun tí fọ́tò ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè sọ pé kò sí ẹni tó kọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ̀.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa níṣẹ́ yìí kò ṣòro. Ẹ dẹ́kun bíbi ayafọ́tò bóyá ó fẹ́ràn àwọn tó yà. Ẹ bi í ní ọjọ́, ẹ bi í ní ibi tó dúró, ẹ bi í ní ẹni tó gbà á wọlé, ẹ bi í ní ohun tó rí tí kò yà, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò. Bí ó bá sùn sí àgọ́, kó kọ ọ́. Ìbéèrè kan náà sì ni kí ẹ bi ẹni tí ilé iṣẹ́ ìròyìn rán: bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọlọ́pàá ló ti ya obìnrin tó ń pariwo yẹn, kí ìyẹn náà wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi bákan náà.